Káàdì Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Títẹ Káàdì àti Fífi Ọ̀rá Bò Ó Nínú Ilé

Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ohun tí a sábà máa ń retí lọ́wọ́ àlùfáà ni ìwàásù, tàbí ìtàn bí nǹkan ti rí nígbà tí omi odò ni a ń pọn wá sí ilé ìdáná. Olóòtú ti fi yé wa pé ìtàn ti pọ̀ tó. Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó béèrè, a sì yàn láti kọ nípa káàdì: bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí ó wà lórí tábìlì nínú ilé tẹ káàdì tí yóò pẹ́, àti bí a ṣe lè fi ọ̀rá bò ó kí òógùn àti òjò má baà bà á jẹ́. Láminéètì ni àwọn ará ọjà ń pe iṣẹ́ ìkẹyìn yìí, a ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀ràn eré ni a fi yàn án. Nínú ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, a kì í ṣàì rí ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, òmíràn tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, àti òmíràn tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oògùn pẹnisílíìnì. Bí àìsàn bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣánlẹ̀ ní òru, tàbí ní pápá níbi tí wọ́n ti lọ bá ilé-ìwé mìíràn figagbága, ó lè ṣẹlẹ̀ pé olùtọ́jú tí ó mọ ìtàn rẹ̀ kò sí nítòsí. Káàdì kan nínú àpò rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ àwa àgbà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa tí a jọ jáde ni ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà nísinsìnyí, síbẹ̀ a ń dá rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú lọ sí ibi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá ṣubú lulẹ̀ ní ibùdókọ̀ kò ní ahọ́n tí yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn sì ti jáde ní ọdún 1859. Ní ayé ìgbà náà, lẹ́tà òjé ni a ń fi ọwọ́ ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà náà á sì kọjú sẹ́yìn bí ìgbà tí a bá ń wo ìwé nínú dígí. Wàhálà títò lẹ́tà fún káàdì kan kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ̀ta. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ káàdì tí orúkọ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra ní láti fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófo kí akọ̀wé wá fi kálàmù kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì àkọsílẹ̀ tiwa rí. Ohun tí ẹ̀rọ kékeré òde òní fi ju ti àtijọ́ lọ nìyí: káàdì ogójì lè jáde kí orúkọ ogójì wà lórí wọn, kò sì sí ìnira kankan nínú rẹ̀.

Orúkọ gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn wá púpọ̀ láti rí káàdì ọmọ Yorùbá tí kò ní àmì kan lórí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ sọ ní Ayọ̀ di ayò ọlọ́pọ́n lórí káàdì. Ọlá sì di ohun tí a kò lè mọ̀ bóyá iyì ni tàbí ọjọ́ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn òní. Àwọn àgbà tí ó pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 lórí ọ̀rọ̀ àkọtọ́ kò fi àsìkò wọn ṣòfò, kò sì sí ìdí tí kọ̀ǹpútà fi gbọdọ̀ já iṣẹ́ wọn kulẹ̀. Ìṣòro náà kò ju báyìí lọ: nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun kan, àmì ohùn tí a gbé lé e lórí sì jẹ́ ohun mìíràn lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí a kò ṣe fún irú èdè bẹ́ẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí. Á gbé e lé lẹ́tà ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó ya àpótí òfìfo kan sí ipò rẹ̀. Charis SIL àti Noto Sans jẹ́ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Kí ẹ tó ṣe káàdì kankan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ẹ́ àti ọ̀ nínú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di PDF kí fọ́ǹtì náà lè bá a lọ. Àìṣe èyí ni ó ń mú kí káàdì tí ó dára ní ilé di rádaràda ní ojúde.

Kí ni kí a wá kọ sórí káàdì ìlera? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ irú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọn á sì rò pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò gbára lé káàdì kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára. Wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò ni. Ẹ lè kọ ọ́ bí àyè bá wà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni orúkọ àìsàn náà, oògùn tí ọmọ náà ń lò lójoojúmọ́, oògùn tí kò gbọdọ̀ kàn án, àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ẹni méjì tí yóò gbé e bí a bá pè. A ní ẹni méjì, nítorí pé fóònù ẹnìkan lè kú. Fún ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ kọ SS gàdàgbà. Fún ẹni tí ó jẹ́ AA, kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di dandan láti kọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Káàdì tí ọmọ ń fi okùn kọ́ sí ọrùn, ojú gbogbo ayé ni ó wà. Orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti orúkọ ilé-ìwé ti tó níwájú. Ọ̀rọ̀ àìsàn yẹ kí ó wà ní ẹ̀yìn, tàbí kí ó dá wà lórí káàdì mìíràn nínú àpò ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn òbí. A kò rí ìdí kankan tí ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún ọmọ fi yẹ kí ó wà ní àyà rẹ̀ fún àjèjì láti kà. Àwọn tí ń gbé ọmọ sá lọ náà mọ ìwé kà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìwọ̀n. Káàdì ilé ìfowópamọ́ níbi gbogbo ní àgbáyé jẹ́ mìlímítà 85.6 ní gígùn àti 54 ní fífẹ̀, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 0.76. Ó sàn kí a tẹ̀lé ìwọ̀n yìí, nítorí pé òun ni a fi ṣe àpò inú pọ́ọ̀sì àti èyí tí a ń kọ́ sí ọrùn. Ṣùgbọ́n bébà inú káàdì kò gbọdọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, bí ìgbà tí a bá rán etí aṣọ pọ̀. Bí a bá gé bébà sí 80 lọ́nà 48, a ó ní etí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́ta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan á fi ọ̀rá bo odindi bébà A4, wọn á wá gé e sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn náà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí bébà wà ní ìhòòhò. Òjò àkọ́kọ́ tí ó bá pa ọmọ náà ni yóò gba etí wọlé, yíǹkì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ní ti iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ má ṣe da ara yín láàmú nípa yíyí bébà padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ilé kì í sábà mú bébà ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, iwájú á lọ sápá kan, ẹ̀yìn á lọ sí òmíràn. Ohun tí ó rọrùn ni pé kí a tẹ iwájú àti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ojú kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì, iwájú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí a gé méjèèjì pọ̀ ní mìlímítà 160 lọ́nà 48, kí a sì ká a sí méjì ní àárín. Bí a bá tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí, kò sí èyí tí yóò dorí kodò. Bí a bá tò ọ̀kan sórí èkejì, a ní láti dorí ti òkè kodò kí a tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ó bá yí káàdì padà bí ojú ìwé yóò bá a ní ìdoríkodò. Márùn-ún ni A4 kan yóò gbà láìfún ara wọn. Kíláàsì ọmọ ogójì yóò gba bébà mẹ́jọ péré, bébà lásán onígíráàmù 80 sì tó, nítorí pé kíká rẹ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá kí ó fún iṣẹ́ náà kí ó lè bá ojú bébà mu. Ẹ kọ̀ fún un. 100% ni kí ẹ yàn. Ẹ fa ìlà kan tí ó gùn ní mìlímítà 100 sí ìsàlẹ̀ bébà, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́ nígbà tí ó bá jáde. Bí rúlà bá sọ pé 96 ni, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ti fún un láìgba àṣẹ. Fún àwòrán ojú tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 25 tí ó sì ga ní 30, àwòrán tí ó ní ẹ̀ẹ́kán 295 lọ́nà 354 ti tó. Kò sí èrè nínú kí a kó àwòrán ńlá kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí káàdì kò gbọdọ̀ kéré ju ìwọ̀n 8 lọ. Nọ́ńbà tí a ó pè ní pàjáwìrì yẹ kí ó tó 10 ó kéré tán, nítorí pé ẹni tí yóò kà á lè jẹ́ àgbàlagbà tí kò mú awò ojú rẹ̀ dání.

Irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Ọ̀kan ń fín yíǹkì olómi sórí bébà. Èkejì ń lo yẹ̀fun tí a ń pè ní tónà, tí ooru ń mú yọ́ mọ́ bébà. Méjèèjì ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Káàdì oníyíǹkì olómi ní láti gbẹ dénúdénú, a sì máa ń gbà wọ́n níyànjú ní àkókò òjò pé kí ó sùn di ọjọ́ kejì. Omi tí ó kù nínú bébà ni yóò di èéfín nínú ooru láminéètì, tí yóò wú ọ̀rá sókè tàbí kí ó sọ ọ́ di bàìbàì. Bébà dídán tí a fi ń tẹ fọ́tò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n àtè inú ọ̀rá kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ojú dídán náà ni ó dì mú, káàdì sì lè là sí méjì lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bébà lásán tí ń fa omi mu ni àtè fẹ́ràn. Ní ti ẹ̀rọ oníyẹ̀fun, ìkìlọ̀ kan ni a ní: ẹ má ṣe fi ọ̀rá lásán sínú rẹ̀ láéláé. Ooru tí ó wà nínú ikùn rẹ̀ tó láti mú ọ̀rá yọ́ mọ́ ọ̀pá tí ń yí, ẹ̀rọ náà kò sì ní wúlò mọ́.

Àpò ọ̀rá tí a ń rà fún láminéètì ní ìpele méjì. Ọ̀rá líle ni ti òde. Ti inú jẹ́ àtè gbígbẹ tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan kan àfi tí ooru bá mú un yọ́. A ń fi máíkírọ́nù wọn nínípọn rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ni mìlímítà kan. Àwọn páálí mìíràn ń kọ mil, èyí tí í ṣe ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Mil 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ máíkírọ́nù 250. Ẹ wo ìṣirò yìí: ọ̀rá 250 níwájú, 250 lẹ́yìn, bébà tí a ká sí méjì ní àárín tí yóò tó 200, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700, ó kù díẹ̀ kí ó le tó káàdì ilé ìfowópamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láminéètì kékeré kò gbà ju 125 lọ. Ẹ ka ohun tí a kọ sí abẹ́ ẹ̀rọ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Káàdì 125 máa ń rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, kò sì burú fún ọdún kan ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná títí iná rẹ̀ yóò fi fi hàn pé ó ti ṣetán. Ẹ nu bébà kí eruku má bá a wọlé, ẹ tò wọ́n sínú àpò ọ̀rá kí wọ́n jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì fi etí tí a ti dì pọ̀ ṣáájú wọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹnu tí ó ṣí bá ṣáájú, ọ̀rá lè ká mọ́ ọ̀pá inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tì í, ẹ má sì fà á. Ní kété tí ó bá jáde, ẹ fi ìwé ńlá kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tutù ní gbọọrọ, nítorí pé gbígbóná ni í fi í ká kò. Atúmọ̀ èdè dára fún iṣẹ́ yìí ju Bíbélì lọ, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀, bí kò ṣe pé Bíbélì yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi abẹ àti rúlà gé e, kí ẹ sì fi ìgékànná yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n má baà gún ọmọ láyà. Àwọn kan ń lo áyọ́ọ̀nù dípò ẹ̀rọ. A kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í dọ́gba, ibì kan á jóná kí ibì kejì tó lẹ̀.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí: kì í ṣe gbogbo ìwé ni a ń fi ọ̀rá bò. Ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ POS kò ní yíǹkì. Ooru ni ó ń kọ ọ́, nítorí náà bí ó bá ti wọ inú láminéètì, gbogbo rẹ̀ di dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò tó nǹkan. Èyí tí ó wúwo ni ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, àti ìwé ẹ̀rí ìdánwò tí a fi ọdún púpọ̀ wá. Àwọn òbí ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti dáàbò bò wọ́n, wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe kò ní àtúnṣe. Àtè náà ti wọ inú fọ́nrán bébà, kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ láìfa ìwé ya. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1930 ni William Barrow ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru àti ọ̀rá bo àwọn ìwé ìtàn àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìkówèésí sì tẹ̀lé e. Àwọn tí ń tọ́jú ìwé lónìí ti pa ọ̀nà náà tì. Àpò ọ̀rá polyester tí kò ní àtè ni wọ́n ń lò, tí ìwé yóò kàn sùn sínú rẹ̀, tí a sì lè yọ ọ́ nígbà tí a bá fẹ́. Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn tí ó wá gba ìwé ìrìbọmi lọ́wọ́ wa ni pé kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá bo àwòrán náà bí wọ́n ti fẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ojúlówó rẹ̀ sinmi nínú fáìlì níbi tí ikán kò dé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn yá yóò mọ̀ láìpẹ́ pé ẹ̀rọ tí ó lè tẹ káàdì ilé-ìwé lè tẹ èyí tí ó jọ ti ìjọba. Kí a sọ ọ́ ní ṣókí: ẹ̀wọ̀n ń bẹ nídìí rẹ̀. Káàdì tí a bá ṣe nílé gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé tí ó fi àṣẹ sí i, kí ó má sì ní àmì ìjọba kankan lára.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Bí ọ̀rá bá ti bo káàdì, a kò lè fi kálàmù tún ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ọmọ ń yí padà, nọ́ńbà àwọn òbí náà sì ń yí padà. Nítorí náà, ẹ kọ ọdún tí káàdì ìlera yóò parí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó má sì ju ọdún kan lọ. Ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí a yàn fún un. Nígbà tí ẹ bá gba ti àtijọ́ padà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e gba àárín orúkọ àti nọ́ńbà kí ẹ tó dà á nù, kí ẹ má sì dáná sun ún ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, nítorí pé èéfín ọ̀rá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, áḿbọ̀sì ti ọmọ tí ó ní ikọ́ fée.